Ọdún Mẹ́wàá fún Aṣòfin, Títí Ayé fún Ọmọ Tálákà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àti àwọn òbí wọn sọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré àti wàhálà iṣẹ́ wíwá



Ìlà kan wà nínú fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò lè kọ nǹkan sí kí ọwọ́ wọn má gbọ̀n. Orúkọ kò ni wọ́n lára láti kọ, ọjọ́ ìbí kò ni wọ́n lára, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jáde kò ni wọ́n lára. Ìlà tí ń béèrè pé, "Ǹjẹ́ ilé ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi rí?" ni ó ń mú kí wọ́n gbé kálàmù sílẹ̀. Lórí ìlà kan ṣoṣo yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan. A kò ní fún un ní orúkọ, nítorí pé kò sí àdúgbò kan ní ìlú Èkó tí irú rẹ̀ kò sí. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, èsì ìdánwò rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n kò sí owó tí yóò fi tẹ̀ síwájú. Nítorí náà ó ń bá àbúrò ìyá rẹ̀ ta omi tútù àti búrẹ́dì láàárín àwọn ọkọ̀ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá dúró. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003 ka irú ọjà títà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ìyà tí ó sì wà níbẹ̀ ni ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní ọdún 2016, ìjọba Gómìnà Akinwunmi Ambode tún kéde pé òun yóò fi ọwọ́ líle mú un, àti ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú ọmọ náà. Ó sun àtìmọ́lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn lọ síwájú adájọ́ májísíréètì. Kò ní agbẹjọ́rò, kò sì sí ẹni tí ó là á lọ́yẹ. Ẹnì kan tí ó wọ aṣọ ìjọba kàn sọ ọ́ sí i létí pé, "Sọ pé o jẹ̀bi, kí o lè tètè lọ sílé. Bí o bá ní o kò jẹ̀bi, ẹjọ́ yìí yóò di oṣù mẹ́ta mọ́ ọ lọ́wọ́." Ọmọ náà ní òun jẹ̀bi. Àbúrò ìyá rẹ̀ sáré lọ gba owó àjọ rẹ̀, ó san owó ìtanràn. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ọmọ ti padà délé, wọ́n ti se ìrẹsì fún un, wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní ọdún kẹta, ilé iṣẹ́ kan tí ń pèsè ẹ̀ṣọ́ fún báńkì fẹ́ gba ènìyàn. Wọ́n ní kí ó mú ìwé mẹ́wàá rẹ̀ wá, kí ó mú oníduuró méjì wá, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìwé ẹ̀rí yìí kì í ṣe lẹ́tà tí ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò lè kọ fún ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀ràn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alágbọn ní Ìkòyí, ni ó ń ti wá, ènìyàn yóò sì tẹ ìka rẹ̀ sí ìwé kí wọ́n tó ṣe é. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 tilẹ̀ pàṣẹ pé kí ìdájọ́ gbogbo ẹjọ́ ọ̀ràn máa dé ibi ìpamọ́ náà láàárín 30 ọjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò mọ̀ bóyá ìwé tirẹ̀ ti dé ibẹ̀, tàbí bóyá ó ti sọnù sínú fáìlì kan lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù sì ń bà á láti lọ béèrè, nítorí pé ẹni tí ó lọ béèrè ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ẹ wá wo ibi tí ìlà kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù gbé e dé. Bí ó bá kọ "Bẹ́ẹ̀ ni," akọ̀wé tí ń gba fọ́ọ̀mù kò ní béèrè bóyá olè ni ó jà tàbí omi tútù ni ó tà. Òkìtì fọ́ọ̀mù ni ó wà níwájú akọ̀wé náà, ohun tí yóò mú kí òkìtì náà kéré ni ó ń wá. Bí ó bá kọ "Rárá," ó lè rí iṣẹ́ náà gbà, ṣùgbọ́n irọ́ ti bá a wọlé. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá ti gbéyàwó, tí ó sì ti gba yàrá méjì, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ipò rẹ̀ lè hú ọ̀rọ̀ náà jáde. Ní ọjọ́ náà, wọn kò ní lé e nítorí pé ó ta omi, nítorí pé ó purọ́ ni wọn yóò fi lé e, kò sì sí ẹni tí yóò lè gbèjà rẹ̀. Àwọn ẹ̀kẹta tún wà, àwọn tí kì í kọ ohunkóhun. Wọn a ká fọ́ọ̀mù náà, wọn a fi í sápò, wọn a sì padà sílé láì dá a padà. Irú àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọn mọ̀ wọ́n.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oníduuró, nítorí pé àwọn tí ń ṣòfin kì í rántí rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìwé nìkan kọ́ ni ó ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ilé iṣẹ́ yóò béèrè òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti dé ipò kan, tàbí ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, kí ó fi orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ dúró pé bí ọmọ yìí bá ba nǹkan jẹ́, òun ni kí wọ́n wá mú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Alágbọn kò sọ nǹkan kan, àdúgbò ti sọ ọ́. "Ṣé èyí tí wọ́n fi mọ́tò ọlọ́pàá gbé níjọ́sí?" Ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ ti tó. Bàbá onílé tí ó ti ń pe ọmọ náà ní "ọmọ mi" láti kékeré yóò ní kí ó padà wá lọ́la, lọ́la yóò di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, títí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ dá yóò fi kọjá. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí oníduuró.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ o. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ jókòó síhìn-ín mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá kó owó ọjà sá lọ. Ẹni tí ó bá ti jẹ iná rí, kò ní fi ọwọ́ kan ẹyín iná. Kò sí òfin tí ó dára tí yóò ní kí ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi jìbìtì lánàá máa ka owó ní báńkì lónìí. Kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ẹni tí ó ṣe ọmọdé níbi máa kọ́ ọmọdé ní ilé ìwé láéláé. Ṣùgbọ́n kí ni omi tútù títà láàárín títì ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́? Ọmọ tí ó lè sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó sì tún mú ojúlówó owó àbúrò ìyá rẹ̀ wálé láì dín kọ́bọ̀, ó dà bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ gan-an ni irú iṣẹ́ tí ó yẹ ẹ́. Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dán an wò gbangba. Ní ọdún 2001, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Devah Pager rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin jáde ní ìlú Milwaukee, aláwọ̀ funfun méjì àti aláwọ̀ dúdú méjì, pé kí wọ́n wá iṣẹ́ kiri lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ 350. Ìwé wọn jọra, ìṣesí wọn jọra. Ẹnì kan nínú méjì-méjì yóò kàn sọ pé òun ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù 18 rí nítorí oògùn olóró, wọn a sì máa gba orí ara wọn sọ ọ́. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2003 ni pé aláwọ̀ funfun tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn rí ìpè gbà nínú ìdá 34 lórí ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó ní ẹ̀sùn rí 17. Aláwọ̀ dúdú tí kò ní ẹ̀sùn rí 14, èyí tí ó ní ẹ̀sùn rí 5 péré. Ẹ ka iye wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ̀ rí kò rí tó aláwọ̀ funfun tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lóhùn-ún ń ru ẹrù méjì lórí kan. Síbẹ̀, ohun tí ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àbùkù náà gé oríire funfun sí méjì, ó sì gé ti dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn lásán tí wọ́n sọ lẹ́nu ọ̀nà ni, kò sí ẹni tí ó yẹ ìwé wò.

Ibo wá ni irú ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké wọ̀nyí ti wá? Púpọ̀ nínú wọn bá wa láti òkè òkun. Ní ọdún 1824 ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan lòdì sí àwọn alárìnkiri àti alágbe ní ìlú tiwọn. Nígbà tí wọ́n wá fi ìwé òfin ọ̀daràn lé gbogbo Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ọdún 1916, wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Títí di òní, abala 249 àti 250 ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀lẹ àti alárìnkiri tí kò ní ọ̀nà àtijẹ. Ẹ wo ìyẹn dáradára: ẹni tí kò níṣẹ́ ni òfin náà ń wò lójú, ìdálẹ́bi rẹ̀ ni kò sì ní jẹ́ kí ó rí iṣẹ́. Ní ọdún 1989, ìjọba ológun fagi lé ẹ̀sùn rírìn kiri, wọ́n ní kí a má ṣe fi kan ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀ ẹ mọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, pé ọlọ́pàá tí ó bá bá yín ní ìkòríta ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò tíì gbàgbé orin àtijọ́.

Àwọn obìnrin jẹ nínú ìyà yìí ju bí a ti ń rò lọ. Ní Abuja, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa kó àwọn obìnrin tí wọ́n bá rí lójú títì lálẹ́, wọn a pè wọ́n ní aṣẹ́wó láì béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Díẹ̀ nínú wọn gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé ẹjọ́ náà sì dá Nàìjíríà lẹ́bi ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé ẹjọ́ Áfíríkà tí ó wà ní Arusha tún sọ fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pé àwọn òfin tí ń fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí pé kò nílé tàbí kò níṣẹ́ ta ko ìwé ẹ̀tọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fi ọwọ́ ara wọn sí, kí wọ́n lọ tún wọn ṣe. Ọdún yẹn náà ni àrùn kòrónà dé, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dúró níwájú kóòtù alágbèéká nítorí pé wọ́n jáde nílé. Àrùn ti kọjá. Ìwé ìdájọ́ kò bá a lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí wọ́n ti ẹ̀wọ̀n dé rí ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kwame Nkrumah wà nínú ẹ̀wọ̀n ní James Fort ní ìlú Accra nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù Kejì ọdún 1951. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un, ṣùgbọ́n ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́ta ni, òfin sì sọ pé ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kan bá ju ọdún kan lọ ni kò lè díje. Ó gba inú ihò kékeré yẹn kọjá, ó wọlé, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù náà láti wá ṣe olórí ètò ìjọba. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n a máa dé fìlà tí a kọ lẹ́tà "P.G." sí, pé àwọn ti gboyè jáde nínú ẹ̀wọ̀n. Ní tiwa níhìn-ín, Anthony Enahoro ṣẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn kí ó tó dìde ní ọdún 1953 láti béèrè òmìnira nínú ilé aṣòfin. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jáde lẹ́wọ̀n ní ọdún 1966, ní ọdún 1967 ó ti di kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná owó ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan yóò ní ti òṣèlú yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yàtọ̀. Ẹ̀sùn tí a fi kan àwọn àgbà wọ̀nyẹn tóbi gan-an ju omi tútù lọ, a sì fi ìlú lé wọn lọ́wọ́.

Ó tún kù. Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, kí ẹ wo abala 66. Ó ní ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi, tí ó sì gba ìdájọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́, kò lè díje fún ilé aṣòfin àpapọ̀ bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá. Abala 137 sọ irú rẹ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ ṣe Ààrẹ, abala 182 sọ ọ́ nípa gómìnà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ọdún mẹ́wàá bá pé, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí ó jí nǹkan, tí kóòtù sì dá lẹ́bi ní ọdún 2010, kò sí ohun tí abala yìí fi dí i lọ́wọ́ mọ́ láti jókòó sí ilé aṣòfin, kí ó máa pín owó tí kò níye fún orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá fẹ́ ṣe ońṣẹ́ tí ń gbé fáìlì láti yàrá kan sí èkejì nínú ilé kan náà, àwọn ìlànà iṣẹ́ ìjọba yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. "Rí" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn kò fi ọdún sí i.

Ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà wà. Abala 175 fún Ààrẹ ní agbára láti dárí ji ọ̀daràn, abala 212 fún gómìnà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ tẹ àwọn gómìnà àná méjì lọ́wọ́, tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi lórí owó ìlú. A kò ní kí a má dárí jini. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi òsì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè bóyá àbúrò ìyá tí ń ta búrẹ́dì mọ ọ̀nà tí ìwé ń gbà dé iwájú Ààrẹ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi iye ọdún sí i. Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ wa ní òfin alárìnkiri ṣe òfin mìíràn ní ọdún 1974, pé bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá ti lo iye àkókò kan láì ṣẹ̀ mọ́, kí a ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí ó ti parí, kí ó sì lè dáhùn "Rárá" lórí fọ́ọ̀mù láì purọ́. Ní òní yìí, ọdún kan ni ti àgbàlagbà tí wọ́n bu owó ìtanràn fún lọ́hùn-ún. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé, ìyẹn sì tọ́. Ní South Africa, ẹni tí ó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lè kọ̀wé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé. Nàìjíríà tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá fún aṣòfin kò tíì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ń wá iṣẹ́. Ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè ni èyí, kí ó sì béèrè rẹ̀ ní gbangba: kí òfin àpapọ̀ kan sọ iye ọdún tí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré yóò fi kúrò lọ́rùn ọ̀dọ́. Ọdún mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún ẹni tí ó san owó ìtanràn. Bí wọ́n bá ní ọdún mẹ́ta, kí a jókòó sọ ọ́. Kí iye kan sáà wà.

Kí òfin yẹn tó dé, àwọn ohun kan wà nínú òfin tí ó ti wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Èkíní ni pé mímú tí ọlọ́pàá mú ènìyàn kì í ṣe ìdálẹ́bi. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó sun àtìmọ́lé, tí wọn kò gbé lọ sí kóòtù, tàbí tí kóòtù dá sílẹ̀, kò purọ́ bí ó bá kọ "Rárá" síwájú ìbéèrè ìdálẹ́bi. Kí ó kọ́kọ́ ka ìbéèrè náà dáadáa o, nítorí pé àwọn fọ́ọ̀mù mìíràn a máa béèrè bóyá wọ́n ti mú ènìyàn rí, ìyẹn sì yàtọ̀.

Èkejì ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ, kí àwọn òbí gbé etí sí i. Òfin ọdún 2015 tí a ti mẹ́nu kàn, ní abala 454, fún adájọ́ láyè pé bí ó bá wo ọjọ́ orí ẹni náà, ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, àti bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti kéré tó, ó lè tú u sílẹ̀, yálà pátápátá tàbí pẹ̀lú àdéhùn pé yóò hùwà rere, láì dá a lẹ́bi rárá, bí ẹ̀sùn náà tilẹ̀ dá a lójú. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní òfin ìgbẹ́jọ́ tiwọn. Èkó tilẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2007, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó ní ẹjọ́ ogójì nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kò ní rántí abala yìí fún ọmọ tí ó ti yára sọ pé òun jẹ̀bi. Ẹnì kan ni yóò bá a rán an létí. Ìdí nìyí tí "sọ pé o jẹ̀bi kí o lè tètè lọ sílé" fi jẹ́ ìmọ̀ràn tí ó gbówó lérí jù ní gbogbo kóòtù Nàìjíríà. Ẹni tí ó dúró pé òun fẹ́ agbẹjọ́rò lè pẹ́ kí ó tó délé. Àwọn tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ òfin tí ìjọba àpapọ̀ ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1976, Èkó sì ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ti aláìní tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fẹ́ kí a lo ọ̀rọ̀ ìdálẹ́bi fún wọn rárá, ó sì ní kí a tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹlòmíràn má rí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọ ọdún 16, kí ìyá rẹ̀ gbé ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání kí ó tó gbé oúnjẹ dání. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti kọ ọdún 19 fún ní tẹ́ṣàn nítorí pé wọ́n ga.

Fún ẹni tí ó ti lọ sẹ́wọ̀n, òfin ọdún 2019 tí ó yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ní kí wọ́n fún ẹni tí ó hùwà rere ní ìwé ẹ̀rí nígbà tí ó bá ń jáde, ó sì ní kí a má ṣe ya ẹni tí ó bá ní ìwé náà sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe. Ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí i gbà. Ẹ máa béèrè rẹ̀. Ẹ sì máa gba ẹ̀dà ìdájọ́ yín tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, nítorí pé ìwé tí ó sọ pé omi tútù ni ènìyàn tà sàn ju ẹnu àdúgbò tí ó ní olè ni ó jà lọ. Bí ìdájọ́ náà kò bá tọ́, kí ẹ yára pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àyè rẹ̀ kì í pẹ́ dí.

Ní ti ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tí ẹ ní ilé, tí ẹ sì ní ipò, ẹ̀yin ni ilé iṣẹ́ ń wá fún oníduuró. Kò sí òfin tí ó lè fi ipá mú yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ẹ mọ̀ bá wá bá yín, kí ẹ ní kí ó jókòó, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ ka ìwé rẹ̀, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún un ní ọjọ́ náà. "Padà wá lọ́la" ni ó ń pa wọ́n.

Bí àwọn tí ń wá ìbò bá sì dé wọ́ọ̀dù yín, ẹ fi ìbéèrè omi àti títì sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè iye ọdún tí wọ́n máa fi sí òfin yìí, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ èsì tí wọ́n bá fún yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá lónìí má tíì lọ. Àwọn agbẹjọ́rò méjì jókòó sídìí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọn kò sì ní gba owó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dúró títí èrò yóò fi tán.